2025: ọdún tí mo fi ojú ọlọ́jà wo iṣẹ́ àánú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọdún o. Mo ní kí n ṣírò ọdún yìí kó tó lọ tán, pàápàá ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ télọ̀ n'Íbàdàn níbí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi mí pé báwo la ṣe ń ṣe é.

Ẹ rántí pé Jánúárì ni Trump dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù keje USAID alára, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń pín owó náà, ti kógbá wọlé. Àwa ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn tààrà o, àmọ́ ibẹ̀ làjọ ńlá tó ń fún wa lówó ti ń rí tiẹ̀, wọ́n ní ká ṣì máa retí, a retí títí. Gbogbo NGO (ẹgbẹ́ aláàánú bíi tiwa) tí mo mọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ pòpósà sí ibì kan náà. Ẹni tí gbogbo ayé ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, mélòó ló fẹ́ dá lóhùn?

Mo bá ṣírò iye tó ń ná wa lórí ọmọ kan látọjọ́ tó wọlé títí tó fi máa gba fírídọ̀mù: òwú, abẹ́rẹ́, epo jẹnẹrétọ̀, àtúnṣe maṣíìnì, owó ọ̀gá tó ń kọ́ wọn. Aláta Bódìjà mọ iye tó ra apẹ̀rẹ̀ kan, kí ló dé táwa ò ní mọ tiwa? Ìgbà tá a mọ̀ ọ́n tán la bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù iléèwé, tá à ń rán an tà. Wàhálà ibẹ̀ ni "ṣebí NGO ni yín, ẹ ṣe é ní pọ́ọ́kú fún wa." Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú kó fi owó ara ẹ̀ ṣe é, kó má fi òógùn àwọn ọmọ yìí ṣe é.

Àwọn kan ní òfin ò gbà kí NGO máa tajà. Irọ́ ni. CAMA 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, ò ní ká má jèrè, ká pín in láàárín ara wa ló ní ká má ṣe. (Owó orí wà lórí èrè òwò o, ẹ bi akáńtàǹtì yín.) Songhai tí Fada Nzamujo dá sílẹ̀ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ní 1985 ńkọ́? Wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń ta ohun tí wọ́n bá kórè àti júùsì tí wọ́n ṣe.

Àwọn tó ń dáwó náà, oníbàárà ni mo kà wọ́n sí báyìí. Ìyá kan ní Gbági tó ń fún wa ní ₦1,000 lóṣooṣù pè mí, ó ní "Ẹgbẹ̀rún kan mi oṣù tó lọ dà?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju ẹ̀bùn lọ. Mo fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní fóònù, ó fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí i: "Ẹ ṣé mà, síìpù àti òwú gáùn tí mò ń rán lọ́wọ́ ni, èmi ni mo lọ rà á l'Ógùnpa." Ìyá gbé fóìsì yẹn fún gbogbo láìnì ṣọ́ọ̀bù wọn gbọ́, àwọn náà sì ti ń dá tiwọn. Ìròyìn olójú ewé rẹpẹtẹ tá à ń kọ tẹ́lẹ̀, ta ló ń kà á?

Owó yìí ò tíì tó tàtijọ́, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi lẹ́tà kan dá a dúró.

Ní Jánúárì a fẹ́ fi aṣọ nọ́ọ̀sì kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hòsípítù, ẹ fi ìwọ̀n ránṣẹ́, àsansílẹ̀ ni o, ìdajì kó wọlé ká tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ.