Kalna létí odò Bhagirathi: ìlú tó ń sùn lọ́sàn-án

Ẹni tó bá dé Kalna ní aago méjì ọ̀sán lè rò pé wọ́n ti kó ìlú lọ. Ìsọ̀ ti tì, ajá sùn sójú títì, ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì wà ní títì pa. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n o, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n jẹ yó. Àwọn ará Bengal tilẹ̀ ní orúkọ fún un: bhaat-ghum, oorun àjẹyó ìrẹsì. Láti bí aago kan títí di bí aago mẹ́rin, òrìṣà pàápàá ń sùn, àwọn àwòrò á ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà dà wọ́n láàmú. Ìlú náà kò tóbi, ọjọ́ kan tó láti rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò ní Kolkata ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ilẹ̀kùn ni yóò lọ wò.

Kalna wà ní ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà, lágbègbè Purba Bardhaman, ní bèbè ìwọ̀-oòrùn odò Bhagirathi. Bhagirathi yìí ni ẹ̀ka odò Ganges tó yà sí gúúsù, òun náà ló ń di Hooghly kó tó dé Kolkata. Bí ẹ bá ń wá ìlú náà lójú irin, Ambika Kalna ni wọ́n kọ sí ibùdókọ̀. Ambika ni orúkọ òrìṣà obìnrin tó ni ìlú, tẹ́ńpìlì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní. A ń kọ èyí fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Kolkata fún ẹ̀kọ́, fún òwò, tàbí tí wọ́n bá aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn tí wọ́n sì ní ọjọ́ kan tó ṣófo.

Howrah, ibùdókọ̀ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kolkata, ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Katwa local ni kí ẹ wá, èyí tó bá gbéra ní bí aago mẹ́fà àárọ̀ ló dára jù. Ìrìn náà tó kìlómítà 80, ó máa ń gbà tó wákàtí méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tó 50 rúpìì, kò sì ní nọ́ńbà ìjókòó: ẹni tó bá tètè wọlé ló jókòó. Ẹ ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má baà tún tò sórí ìlà nírọ̀lẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pátákó ìkéde. Howrah kan náà ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Bandel, Bardhaman, Tarakeswar àti Katwa ti ń gbéra, wọ́n sì jọra wọn bí ìbejì. Bí ẹ bá ṣèèṣì wọ ti Bandel, tàbí ti Bardhaman tó gba Bandel kọjá, kò tíì bàjẹ́: ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Bandel, kí ẹ dúró de èyí tó ń lọ sí Katwa. Ti Tarakeswar kò dé Bandel rárá. Ti Bardhaman tó gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní chord náà kò gba ibẹ̀. Nítorí náà, "Bardhaman" nìkan kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ béèrè bóyá ó máa dúró ní Bandel. Ohun kejì ni yàrá obìnrin. Àwọn kẹ́bíìnì kan wà fún obìnrin nìkan, àwòrán obìnrin wà lára wọn. Ọkùnrin tó bá kó sínú rẹ̀ lè san owó ìtanràn, àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ á sì ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ nà án. Kẹ́bíìnì kan tún wà fún àwọn oníṣòwò pẹ̀lú agbọ̀n ẹja àti ẹ̀fọ́ wọn. Aṣọ funfun kò yẹ ibẹ̀.

Lẹ́yìn Bandel ni ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, tí oko ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kọjá Balagarh, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi onígi, lẹ́yìn náà Guptipara, lẹ́yìn náà Ambika Kalna. Bí ẹ bá ti rí Guptipara, ẹ dìde.

Ní iwájú ibùdókọ̀ ni toto wà, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń fi bátìrì rìn. Ẹ sọ pé "aksho aat mandir", ìyẹn tẹ́ńpìlì 108, kí ẹ sì béèrè iye kí ẹ tó jókòó. Ẹ béèrè bóyá ẹ ó bá àwọn mìíràn wọ̀ ọ́ ni àbí ẹ ó gbà á lódidi, nítorí ìyàtọ̀ owó méjèèjì pọ̀. Ẹ kó owó kéékèèké dání, rúpìì 10, 20 àti 50. Àwọn ará ìlú ń fi fóònù sanwó, kò rọrùn fún àlejò tí kò ní àkáǹtì báǹkì Íńdíà láti ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sì na 500 sí onítoto, "khuchro nei" ni ẹ ó gbọ́. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó rí kò nílò ògbufọ̀: ṣéńjì ò sí.

Ọba Bardhaman tó ń jẹ́ Tej Chandra ló kọ́ àwọn tẹ́ńpìlì òrìṣà Shiva 108 náà ní 1809. Òbìrí méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì. Tẹ́ńpìlì 74 ló wà ní òde, 34 wà nínú, gbogbo wọn kéré, òkúta Shiva kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ní òbìrí òde, òkúta dúdú tẹ̀ lé funfun, funfun tẹ̀ lé dúdú. Nínú lọ́hùn-ún, funfun ni gbogbo rẹ̀. Iye ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń ka àdúrà ni 108, nǹkan ńlá ni nọ́ńbà yẹn lójú wọn, bí 256 ṣe jẹ́ lójú onífá. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Láti March lọ, ilẹ̀ á ti gbóná bí agbada kó tó di aago mọ́kànlá, ìdí nìyẹn tí ìbọ̀sẹ̀ fi yẹ kó wà nínú àpò yín. Ẹ má wọ inú yàrá òrìṣà láìjẹ́ pé àwòrò pè yín, kí ẹ sì bi í kí ẹ tó ya fọ́tò.

Àwọn aláwòrán ń sáré lọ síbẹ̀ nítorí òbìrí yẹn. Lójú tiwa, ohun tó wà ní òdìkejì títì ló yẹ kó gba àkókò yín. Ọgbà ààfin nìyẹn, àwọn tẹ́ńpìlì alámọ̀ sísun ló kún inú rẹ̀. Pratapeshwar, tí wọ́n kọ́ ní 1849, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nígbà tí oòrùn àárọ̀ ṣì wà nílẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ́ kí ojú àwọn ère náà yọ. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, ògiri pupa lásán ni ẹ ó rí. Ogun Rama àti Ravana inú ìtàn àtijọ́ wọn wà níbẹ̀, òrìṣà Krishna wà níbẹ̀, onílù, oníjó àti ẹlẹ́ṣin.

Ilẹ̀ ẹrẹ̀ odò ni gbogbo agbègbè yìí, kò sí òkúta tí wọ́n lè gbẹ́. Amọ̀ ni wọ́n ní, amọ̀ náà ni wọ́n fi dárà. Wọ́n á gbẹ́ àwòrán sára rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó fi iná sun ún, kí wọ́n tó wá tò ó mọ́ ara ògiri ní ìlà ìlà. Nínú irú tẹ́ńpìlì báyìí káàkiri Bengal, wọ́n máa ń gbẹ́ òyìnbó pẹ̀lú àkẹtẹ̀ àti ìbọn mọ́ àwọn òrìṣà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àwọn aláàárù ti gbé òyìnbó wá síwájú ọba, yóò mọ̀ pé ojú kan náà ni àwọn oníṣọ̀nà méjèèjì fi wo àlejò.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ère ti pàdánù ojú wọn, kì í sì í ṣe ọwọ́ èèyàn nìkan ló ṣe é. Omi ilẹ̀ ń gun ara bíríkì bọ̀ lókè, ó ń gbé iyọ̀ dání. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù sínú amọ̀, á máa ta ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ògiri tí iyọ̀ ti jẹ kò yẹ ní fífara tì, kò yẹ ní fífọwọ́ pa.

Nínú ọgbà kan náà ni Lalji wà, ti 1739, tó ní ṣóńṣó orí 25: méjìlá lórí àjà kìíní, mẹ́jọ lórí èkejì, mẹ́rin lórí ẹ̀kẹta, ọ̀kan gíogío ní àárín. Irú tẹ́ńpìlì bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́kù ní West Bengal kò ju márùn-ún lọ, mẹ́ta nínú wọn sì wà ní Kalna: Lalji, Krishnachandra àti Gopalbari. Lalji wà lára àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án.

Tí aago bá ti di méjìlá, ẹ wá oúnjẹ kí àwọn olóúnjẹ tó lọ sùn. Ìrẹsì, dal (ẹ̀wà sísè olómi), ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ ẹja olómi ni wọ́n sábà ń tà, òróró músítádì ni wọ́n fi ń sè é, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta mọ́ imú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ata wọn kò tó nǹkan. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń gba owó, wọ́n fi ń fúnni ní nǹkan. Ẹ̀kọ́ ilé wa ti tó níbẹ̀. Ìkíni náà kò ní ṣòro. Wọ́n ní "apni" fún àgbà àti àlejò, "tumi" fún ẹgbẹ́, "tui" fún ọmọdé, nítorí náà "ẹ" àti "o" tiwa á yé wọn bí ẹ bá ṣàlàyé. "Dada" ni ẹ ó pe ọkùnrin, bí a ṣe ń sọ bọ̀dá, "didi" ni àǹtí. Ọmọ wọn kì í dọ̀bálẹ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà.

Wọn yóò wò yín, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo? Ní Bengal, aláwọ̀ dúdú àti bọ́ọ̀lù ti di ọ̀kan láti ìgbà Chima Okorie, tó gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Kolkata. Ranti Martins, ọmọ Yorùbá, náà gbá fún East Bengal, ọ̀kan lára wọn. Nígbà ọyẹ́, àwọn ìlú kékeré máa ń háyà àwọn ọmọ Áfíríkà fún ìdíje, wọ́n ń pè é ní "khep", owó ọwọ́ sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bá wọn gbá a kó kọ́kọ́ ka ìwé ìwọ̀lú rẹ̀, nítorí ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ìrìn-àjò kò fàyè gba iṣẹ́ owó.

Sísun ibẹ̀ mọ́jú ni ọ̀rọ̀ tó le. Òfin Íńdíà ní kí ilé ìtura tó bá gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24, lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n mọ̀ sí Fọ́ọ̀mù C. Ilé ìtura kékeré tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ fún un kàn máa sọ pé yàrá kò sí. Ẹ pè lórí fóònù, kí ẹ dárúkọ Fọ́ọ̀mù C fúnra yín. Bí wọ́n bá ń kùn, ẹ padà sí Kolkata lálẹ́, tàbí kí ẹ tẹ̀ síwájú lójú irin kan náà dé Nabadwip Dham, kí ẹ sọdá odò sí Mayapur, tí àlejò láti gbogbo ayé ti mọ́ lára nítorí ISKCON, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin Krishna káàkiri ayé.

Odò ló kù. Láti 1975 tí ìdídò Farakka ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń darí omi Ganges gba ìhà yìí, kí ẹrẹ̀ má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ òkun ní Kolkata. Síbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn á yọrí láàárín odò, ọkọ̀ á sì máa yípo kó tó gúnlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sọdá sí ìhà Shantipur ni wọ́n ń pè ní bhutbhuti, nítorí bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń ké. Èèyàn, alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ jọ ń wọ̀ ọ́ ni. Ní May 2016, ọkọ̀ tó kún àkúnjù dojú dé níbí nígbà tí èrò ń bọ̀ láti ibi ọdún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí ẹ bá rí i tí èrò ń rọ́ gìrọ́gìrọ́, ẹ jẹ́ kó lọ, òmíràn ń bọ̀. Ẹ béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, kí ẹ sì dúró jìnnà sí àwọn alùpùpù. Ní January, kùrukùru lè dá ọkọ̀ dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere.

Shantipur ni ilé aṣọ híhun, Dhatrigram àti Samudragarh ní ìhà Kalna náà kò gbẹ́yìn. Sárì ni wọ́n ń hun, ó gùn tó mítà márùn-ún ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń hun ìbú rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n máa rán an pọ̀ bí òfì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo etí aṣọ náà. Igi tí ahunṣọ fi ń na aṣọ lórí òfì ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó máa ń fi ihò kéékèèké sílẹ̀ létí méjèèjì. Bí kò bá sí ihò rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ ló hun ún.

Láti December sí February, oyin igi tí wọ́n ń pè ní nolen gur máa ń kún ọjà. Wọ́n ń dá igi ọ̀pẹ déètì bí a ṣe ń dá ògùrọ̀: wọ́n á so ìkòkò mọ́ ọn lálẹ́, wọ́n á gbé e láàárọ̀, wọ́n á sè é títí yóò fi ki. Sandesh, ìpápánu aládùn tí wọ́n fi í ṣe, dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi omi igi náà tútù lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, ẹ má mu ún. Àdán máa ń lá a nínú ìkòkò lóru, ó sì lè fi kòkòrò àrùn Nipah sílẹ̀ níbẹ̀. Àrùn náà ti pààyàn ní Nadia, ní òdìkejì odò yìí gan-an, ní 2007. Èyí tí wọ́n ti sè kò léwu.

Aago Íńdíà kan ṣoṣo ni gbogbo ilẹ̀ náà ń lò, Bengal sì wà ní ìlà-oòrùn. Ní December, oòrùn ti ń wọ̀ ní bí aago márùn-ún. Nítorí náà, nígbà tí Kalna bá jí ní aago mẹ́rin, wákàtí kan péré ló kù fún ojú láti rí nǹkan. Ẹni tó bá ti rí Lalji láàárọ̀, kó lọ jókòó létí odò. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Katwa sábà máa ń ti kún kó tó dé Ambika Kalna. Ẹ rìn jìnnà sí àtẹ̀gùn ibi tí èrò ti ń wọlé, ẹ lọ dúró ní ìpẹ̀kun pèpéle, ibẹ̀ ni ààyè máa ń wà.