Kì í ṣe èyí tá a torí ẹ̀ wá

Fukuoka, ní Jàpáánì, alẹ́ ọjọ́ kẹfà. Òjò ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li níta. Mo ti wẹ̀, mo ti pe Màámi, wọ́n bi mí pé kí ni mo jẹ, mo ní rámẹ̀nì, wọ́n ní ṣebí Indomie náà nìyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Kò sí okun lára mi lálẹ́ yìí láti ṣàlàyé pé núdùsì inú omitooro ni rámẹ̀nì, kì í ṣe ti inú ọ̀rá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ṣé mo yó ṣá, mo ní mo yó, wọ́n ní ó dáa, ká sùn ká jí ire.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń yí lọ yí bọ̀ lórí mi, òun ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà dípò kí n sùn. Kì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún o. Lọ́sàn-án ni, mo wà lórí ìlà níbi tó jẹ́ ìkẹta nínú ìwé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ẹ mọ ìwé tí mò ń sọ, èyí tí wọ́n kọ àwọn ilé rámẹ̀nì tí mo fẹ́ lọ sí, mo ti dúró láti aago mọ́kànlá kù díẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń ro mí, ni obìnrin òyìnbó kan àti ọkọ ẹ̀ bá jáde látinú ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ló sọ fún ọkùnrin yẹn pé kò burú, àmọ́ kì í ṣe èyí tá a torí ẹ̀ wá. Ó tán. Wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n lọ.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ní ṣé obìnrin yìí mọ ohun tí wọ́n ṣe kí abọ́ yẹn tó dé iwájú ẹ̀ ni? Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń fọ́, wọ́n á gbé e kaná, kì í wá ṣe iná jẹ́jẹ́ o, àfi kó máa hó gbùdùgbùdù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí mùdùnmúdùn àti ọ̀rá ẹ̀ jáde kó pò mọ́ omi, títí omitooro yẹn á fi funfun bíi wàrà. Tonkotsu nìyẹn. Ẹnì kan ti dìde lórí ibùsùn nígbà tí ìwọ ń sùn, ó lọ dá iná, o wá jẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o ní kò burú.

Ó wá kàn mí, mo wọlé. Kí abọ́ mi tó dé, ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ti jókòó tì mí. Omitooro dùn. Ẹran rọ̀. Ẹyin yẹn, inú ẹ̀ ṣì ń ṣàn díẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo jẹ ẹ́ tán, kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí pé ó kù díẹ̀ káàtó. Mo sì gbọ́ ara mi nínú mi lọ́hùn-ún tí mo ní: kò burú.

Mi ò parí gbólóhùn yẹn. Ẹ̀rù bà mí láti parí ẹ̀.

Òyìnbó ni obìnrin yẹn sọ, àmọ́ Yorùbá ló ń dún létí mi látọ̀sán, bóyá torí ẹ̀ ló ṣe ń dùn mí báyìí, torí nínú Yorùbá, ibi tó ń ta mí yẹn kéré gan-an, ẹyọ lẹ́tà kan ni. A. Èyí tá a torí ẹ̀ wá. Ó ní ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Kódà kí oúnjẹ má dùn, àwọn méjèèjì ló jọ máa gbé ìjákulẹ̀ yẹn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ ẹ̀ á ní ká dán ibòmíì wò lọ́la, á tán níbẹ̀. Èmi, ta ni mo fẹ́ sọ pé kò burú fún?

Mo mọ̀ pé mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá, tó yẹ ká jọ wá, mọ́ níbí. Mi ò sọ ọ́ náà. Ìwé ni mò ń sọ.

Bọ̀ọ̀dá ló kọ ọ́, wọ́n fi bírò búlúù kọ ọ́, nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ibi mẹ́sàn-án. Wọ́n ṣàlàyé fún mi nígbà yẹn, lórí àga pupa inú ilé Màámi, pé Tabelog ni wọ́n ti ṣà wọ́n, ibẹ̀ làwọn ará Jàpáánì fúnra wọn ti ń fún ilé oúnjẹ ní máàkì, 3.5 nínú 5 kì í sì í ṣe nǹkan kékeré níbẹ̀ torí wọn kì í dédé fúnni ní máàkì. 4.6 ti orí Google ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn kàn ń sọ pé àlejò pọ̀ níbẹ̀ ni. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, àlejò náà làwa náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àmọ́ àlejò tó ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀ ni wá.

Látìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń tẹ̀lé ìwé yẹn bí ọmọ iléèwé. Ọjọ́ mẹ́ta ní Tokyo, mo jẹun lábẹ́ ilẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tokyo, níbi tí ṣọ́ọ̀bù rámẹ̀nì mẹ́jọ ti tò síra wọn. Ọjọ́ kan ní Yokohama, mo lọ sí ilé àkójọ nǹkan rámẹ̀nì tí wọ́n ṣí ní 1994, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àdúgbò kan bí ìgboro Jàpáánì ṣe rí ní 1958, ìyẹn ọdún tí Momofuku Ando gbé ti inú ọ̀rá jáde, èyí tí ẹ kàn máa da omi gbígbóná lé. Baba Indomie nìyẹn, tá a bá fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí náà Màámi ò kúkú jẹ̀bi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ ojú irin, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún láti Tokyo débí, mo sùn lójú ọ̀nà, mi ò rí òkè Fuji.

Gbogbo ibẹ̀ ni mo fi àmì sí nínú ìwé, mo fi péńsù sàmì, mi ò fẹ́ fi bírò tèmi kọ nǹkan sára ti Bọ̀ọ̀dá. Àmì mẹ́ta, mẹ́ta péré ní ọjọ́ mẹ́fà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ti ìrọ̀lẹ́ òní, torí inú mi dùn níbẹ̀, òótọ́ ni, ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di pé mo gbàgbé pé inú mi dùn.

Òjò lé mi kúrò lẹ́bàá odò Naka. Mo ti fẹ́ jókòó nínú ọ̀kan lára àwọn ìsọ̀ alẹ́ tí wọ́n ń pè ní yatai, àmọ́ tí òjò bá le, púpọ̀ nínú wọn kì í gbé ìsọ̀ wọn jáde. Fóònù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo gba ọ̀nà kan tí mi ò mọ̀, mo ní bóyá ó máa já sí òtẹ́ẹ̀lì, ni mo bá rí takisí mẹ́rin tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ilé kékeré kan tí ò ní iná àfihàn kankan, aṣọ búlúù kan ló gbé sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí awakọ̀ nínú takisí kankan.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣé ẹ gbọ́? Takisí mẹ́rin, kò sí awakọ̀. Ta ló ń wo máàkì kó tó jẹ àmàlà? Ibi tí awakọ̀ bá páàkì sí lo máa yà sí, torí awakọ̀ ò ní àkókò tó máa fi ṣòfò, ó mọ gbogbo àdúgbò, owó ẹ̀ ló sì ń ná. Nǹkan tí Bàámi kọ́ wa láti kékeré nìyẹn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ibi tí lọ́rì bá pọ̀ sí. Ó wá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń kọjá lára àwọn takisí yìí, mò ń wo fóònù.

Òórùn ẹ̀ nìkan tó lé èèyàn sá. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù fún odindi ọjọ́ kan nínú ilé tí fèrèsé ẹ̀ ò ṣí á mọ irú òórùn tí mò ń sọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ká lọ, mo ní ká wọlé. Mo wọlé.

Ìjókòó mẹ́sàn-án. Màmá àgbàlagbà kan ló ń sè, ọkùnrin kan ń fọ abọ́. Wọ́n bi mí bí mo ṣe fẹ́ kí núdùsì mi le tó, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n dáhùn: kata, kó le díẹ̀. Ó dé kíákíá ju bí mo ṣe rò lọ. Núdùsì Hakata, ìyẹn apá kan Fukuoka níbí, tín-ín-rín ni, ó gùn gbọọrọ, kò lọ́, ìdí ẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjà ẹja ní Nagahama kì í ní àkókò, wọ́n fẹ́ nǹkan tó máa jinná kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Àmọ́ ohun tó bá tètè jinná á tètè rọ̀ nínú omi, wọ́n kì í tìtorí ẹ̀ bu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. O máa jẹ ìwọ̀nba, wàá fi omitooro ẹ sílẹ̀, wàá wá pè fún núdùsì tuntun kí wọ́n dà á sínú ẹ̀. Kaedama ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi pè é lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà pè é lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé ewé takana tí wọ́n fi ata sí sórí káńtà, ọ̀fẹ́ ni, mo bù ú títí imú mi fi ń ṣomi. Aáyù náà ọ̀fẹ́ ni, ìwọ lo máa fọ́ ọ fúnra ẹ.

Ohun kan tó ti ń wù mí sọ láti Yokohama: omi kan wà tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun rámẹ̀nì, òun ló ń jẹ́ kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kó sì máa fà lẹ́nu, kansui lorúkọ ẹ̀. Ẹ tún un pè. Kansui. Nígbà tí mo wo ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹbí kan náà lòun àti káún, káún tá a fi ń se ewédú, tá à ń jù sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Mi ò sọ pé orúkọ yẹn bára tan o, ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ bára mu ni, àmọ́ mo jókòó síbẹ̀ tí mò ń jẹ káún ẹlòmíì, ara mi sì balẹ̀. Ká ní Bọ̀ọ̀dá gbọ́ èyí ni, wọn ì bá

Ó dáa.

Ibi tó ti wá dojú rú fún mi rèé. Mo gbé abọ́ yẹn mu tán, mo rí ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo ní nínú mi pé èyí gan-an ni mo wá jẹ. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi bà jẹ́, torí ibẹ̀ ò sí nínú ìwé. Ó dà bíi pé mo lọ jẹun lẹ́yìn ẹnì kan. Mo sanwó, 750 yẹ́nì àti ti kaedama, màmá yẹn tẹrí ba, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀, ara ló fẹ́ ṣe é, mo jáde sínú òjò.

Ṣé òun ló dùn jù? Mi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtútù àti ebi. Tí mo bá ro omitooro méjèèjì pa pọ̀ dáadáa, tọ̀sán ki jùyẹn lọ, ẹran ẹ̀ náà sì dáa jù. Tí mo bá jẹ tọ̀sán yẹn lálẹ́, kó jẹ́ pé takisí ló mú mi débẹ̀, kó máà sí obìnrin kankan tó jáde sọ̀rọ̀... Bóyá kò tiẹ̀ sí bí abọ́ kankan ṣe lè dùn tó lórí ìwé yẹn. Bóyá gbogbo èyí tó kù ló máa jẹ́ kò burú.

Inú ò bí mi sí obìnrin yẹn mọ́. Ta ló mọ̀, bóyá òun náà ní ìwé tẹ́nì kan kọ fún un.

Kurume ni lọ́la. Ìkẹrin nínú ìwé, Bọ̀ọ̀dá fàlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kọ "DANDAN" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò tó wákàtí kan láti ibí. Ibẹ̀ ni tonkotsu ti ṣẹ̀, ní ìsọ̀ ojú pópó kan ní 1937, omitooro ìgbà yẹn ò tíì funfun báyìí, wọ́n ní ọdún 1947 lẹnì kan nílùú náà fi ìkòkò sórí iná kọjá bó ṣe yẹ, ó bá a tó ti funfun, ó tọ́ ọ wò, ó dùn. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú Bọ̀ọ̀dá fàlà síbẹ̀. Àwọn ará Kurume ní bí wọ́n ṣe ń sè é tí ìkòkò kì í gbẹ. Wọn kì í da tàná nù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń fi egungun tuntun àti omi tuntun kún, lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ti ń sè bọ̀ látẹ̀yìn ṣì wà nínú èyí tó o máa jẹ lónìí. Yobimodoshi ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pípè padà.

Bọ̀ọ̀dá ló sọ ìtumọ̀ yẹn fún mi. Mi ò rò ó sí nǹkan kan nígbà yẹn, mo kàn ní kí wọ́n kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n.

Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ lọ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo máa lọ. Àmọ́ tí mo bá jẹ ẹ́ tán tí mo sì gbọ́ ara mi pé kò burú ńkọ́? Màá ní mo ti jẹ ẹ́ ṣá. Tàbí kí n gbé e mu tán láìronú ohunkóhun. Mi ò mọ̀.

Aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìwé yẹn jáde látinú báàgì, mo kọ ìkẹwàá sísàlẹ̀ ẹ̀, bírò ni mo fi kọ ọ́. Mi ò lè ka orúkọ ibẹ̀, mi ò sì ya fọ́tò, fóònù ti kú. Mo kọ: takisí mẹ́rin, aṣọ búlúù, màmá kan. Òórùn aáyù ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti kan ìwé náà.