Gáàdì Abẹ́ Ọkọ̀: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Wọ́n Dè É Mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Hilux kó iṣu láti oko lápá Ṣakí, ẹ mọ irú ọ̀nà tí mò ń sọ: àpáta tó yọrí láàárín ọ̀nà, tí koríko bò, tí kò síbi téèyàn fẹ́ yà sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀. Ọkọ̀ mi ní gáàdì lábẹ́ o, irin pẹlẹbẹ tó ń gba àpáta kó má bàa lu abẹ́ ẹ́ńjìnnì! Owó gidi ni mo san lé e.

Gbàù! Irin lu irin, iwájú ọkọ̀ ta sókè. Mi ò sáré, jíà kìíní la wà. Kí n tó mí, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì ti tàn. Ọmọ tó jókòó sórí iṣu lẹ́yìn figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á! Ẹ pa á! Ọ́ìlì ń dà!" Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì gbígbóná ń tú jáde, iyanrìn ń mu ún. Gáàdì tó yẹ kó dáàbò bo sọ́ǹpù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, gan-an ló ká sókè tó sì lu sọ́ǹpù. Etí rẹ̀ iwájú ti já kúrò lára irin fẹ́lẹ́ tí bọ́ńpà jókòó lé. Ibẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́! Ilẹ̀ ń ṣú, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo sunkún.

Katakátá fà wá jáde lọ́jọ́ kejì, a pààrọ̀ sọ́ǹpù, ẹ́ńjìnnì ò nọ́ọ̀kì. Mo dúpẹ́.

Kẹ́ ẹ tó ra gáàdì, ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tí bólítì rẹ̀ máa wọ̀. Ara ṣáásì, ìyẹn egungun irin tí ọkọ̀ jókòó lé, àti irin ìdábùú rẹ̀ ni, níwájú àti lẹ́yìn. Kì í ṣe bọ́ńpà. Irin mílímítà 3 tó di ṣáásì mú dáa ju mílímítà 6 tó kàn so rọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín òun àti sọ́ǹpù, kó má bàa kan án tó bá tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o mọ́ ṣáásì pa. Bólítì ni kẹ́ ẹ fi dè é, kó ṣeé tú, kó sì níhò tẹ́ ẹ máa fi da ọ́ìlì nù.

Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin, ṣùgbọ́n àpáta máa ń họ ọ́, á sì há sí i. Irin á yọ̀ kọjá ní tiẹ̀. Ike dúdú abẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? Omi àti ẹrẹ̀ nìkan ló lè dá dúró.

Àwọn kan á ní ẹrù ló pọ̀ jù. Rárá o, bọ́ńpà ni wọ́n dè é mọ́! Wẹ́dà tí kò bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ wo ṣáásì kó tó wọn irin, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.