Aṣọ Tó Hunjọ: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ọnà Abẹ́rẹ́ Ọwọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ọnà sára aṣọ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, oṣù Kejìlá ò ní pẹ́ dé. Ìgbéyàwó á pọ̀, oníbàárà á máa kánjú, ìyá ọ̀gá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ olówó gọbọi lé yín lọ́wọ́. Àṣìṣe tó wà lára iṣẹ́ yín lọ́dún yìí náà ló wà lára iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú yín. Mi ò ní kọ́ yín ní running stitch àti back stitch, àwọn ojú rírán tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, òwú. Ìdì kan máa ń gùn tó mítà 8, okùn tín-ín-rín 6 ló sì wà pa pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gé e láti orí ìka dé ìgúnpá, bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Kódà bó bá jẹ́ okùn 3 lẹ fẹ́ lò, ẹ fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó tún kó wọn pọ̀. Ẹni tó bá fa mẹ́ta yọ lẹ́ẹ̀kan náà ni òwú máa ń ta kókó mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó sì gé òwú gígùn kó má baà máa kì í bọ ojú abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn: bí òwú ṣe ń gba inú aṣọ kọjá ni ara rẹ̀ ń họ, kó tó tán, dídán rẹ̀ á ti lọ. Òwú pupa, dúdú àti búlúù tó ki, pàápàá èyí tí wọ́n ń tà láìní orúkọ lára ní Ọjà Ọba, ẹ kọ́kọ́ rin díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àkísà funfun. Bí àwọ̀ bá ran àkísà náà, ẹ fi omi tútù ṣan òwú yẹn títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ jù ú sílẹ̀. Iye owó òwú kò sún mọ́ ti gíníì funfun rárá.

Èkejì, abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ tó dì í mú. Bí nọ́ḿbà abẹ́rẹ́ bá ṣe ń pọ̀ ló ń tín-ín-rín sí i. Okùn 2, nọ́ḿbà 8 tàbí 9. Okùn 3, nọ́ḿbà 7. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ sùn sínú aṣọ mọ́jú, nítorí lásìkò òjò ó lè dípẹtà níbẹ̀, ọṣẹ lásán kì í sì í ran àmì ìpẹtà. Nígbà ọyẹ́, awọ ìka á máa sán, á sì máa kọ́ òwú. Ẹ fi òrí pa ọwọ́ lálẹ́ kí ẹ tó sùn. Kì í ṣe òwúrọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó síṣẹ́, torí òróró rẹ̀ á ran aṣọ.

Ẹ̀kẹta, aṣọ tó hunjọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Wọ́n á ra pópílìn funfun láàárọ̀, wọ́n á gé bùbá lọ́sàn-án, wọ́n á gé ọrùn rẹ̀, wọ́n á wá gbé e fún ọmọ iṣẹ́ pé kó fi chain stitch, ojú rírán tó so kọ́ra bíi ṣéènì, yí ọrùn po, kó sì ṣe òdòdó sí àyà. Ọmọ náà á fi férémù, òrùka méjì tó ń di aṣọ mú kó le, mú un, á ṣe é lọ́jọ́ bíi mélòó kan. Nínú férémù tó ti ń wò ó, ó gún, ó tẹ́jú, inú rẹ̀ á máa dùn. Ọjọ́ tó bá tú férémù, aṣọ á hunjọ yí òdòdó po, ọrùn á sì máa rú sókè rú sódò. Wọ́n á ní aṣọ ló burú. Wọ́n á gbé áyọ́ọ̀nù lé e, á tẹ́ fúngbà díẹ̀, á tún padà. Àwọn mìíràn á fi hard stay, bébà líle tó ń mú aṣọ dúró gírí, sẹ́yìn rẹ̀ kó lè le títí oníbàárà á fi gbé e lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni àṣírí á tú.

Aṣọ ò burú. Ohun tó fà á kò sì ju bí mélòó kan lọ, gbogbo wọn ló sì ṣeé dènà.

Wọn ò fọ aṣọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ òwú tuntun lè súnkì tó sẹ̀ǹtímítà 3 nínú mítà kan nígbà àkọ́fọ̀, òwú ọnà ò sì ní súnkì tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ á kéré mọ́ ọnà lára, kò sì síbi tó fẹ́ gbà ju kó hunjọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbòji, kí ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó yà á.

Wọ́n gé ọrùn kí wọ́n tó ṣe ọnà. Etí ọrùn tí a ti gé máa ń wà lórí báyáàsì, ìyẹn ìdágẹ̀rẹ́ láàárín òró àti ìbú aṣọ, níbi tó bá ti kọ́rọ́, ìka lásán sì ti tó láti nà án. Ẹ ya ọrùn sára aṣọ, ẹ ṣe ọnà yí i po, ẹ fọ ìlà àmì kúrò, kó tó di pé ẹ gbé síṣọ́ọ̀sì. Bí àmì náà bá jẹ́ bírò tó ń fi omi parẹ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án kí ẹ tó fọ̀ ọ́, torí iná lè mú kó dúró síbẹ̀ láéláé.

Férémù. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 tó. Ẹ fi ọ̀já aṣọ òwú wé òrùka inú rẹ̀ kí aṣọ má baà máa yọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fa aṣọ kó le, ẹ fà á lóròó, ẹ fà á níbùú, ẹ má fà á lórí báyáàsì. Òdòdó tó rí roboto nínú aṣọ tí wọ́n fà lórí báyáàsì á gùn gbọọrọ nígbà tí wọ́n bá tú u. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ tú férémù.

Èyí tó le jù ni ọwọ́. Ó máa ń dùn mí tí ọ̀gá bá kàn sọ fún ọmọ pé “ọwọ́ rẹ ti le jù,” tí kò sì ní fi ibi tí líle náà ti ń wá hàn án. Ọmọ á kàn máa bẹ̀rù ni. Ẹ jẹ́ ká wo chain stitch. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ jáde láti abẹ́, ẹ fi àtàńpàkò ọwọ́ òsì tẹ òwú mọ́lẹ̀, ẹ ti abẹ́rẹ́ padà bọ ibi tó ti jáde gan-an, ẹ yọ ọ́ síwájú ní mìlímítà 3, kó gba orí òwú tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn. Tó bá dé ibi tó kọ́rọ́, ẹ dín in kù sí mìlímítà 2. Ẹ wá fa òwú lọ síbi tí iṣẹ́ ń lọ, títí á fi sùn sórí aṣọ. Ẹ dúró níbẹ̀. Fífà kékeré tí ọwọ́ tún fẹ́ fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, òun gan-an ló ń ba aṣọ jẹ́. Ẹ wo ojú iṣẹ́ náà: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀, kí ẹ rí aṣọ láàárín. Bí apá méjèèjì bá ti fara mọ́ra tó di ìlà kan, ẹ ti fà á jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni satin stitch, èyí tí òwú ń sùn ti ara wọn láti kún inú òdòdó. Kó má gùn ju mìlímítà 8 lọ. Bí ewé òdòdó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi back stitch yí etí rẹ̀ po ná, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tó padà sí èkejì. Láti òdòdó kan sí òmíràn, ẹ má fa òwú gba ẹ̀yìn aṣọ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ẹ dè é, ẹ gé e, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Oníbàárà á wá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà á ṣe òdòdó kan náà fún òun ní owó pọ́ọ́kú. Òótọ́ ni, ẹ má bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá iṣẹ́ ọwọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ó fẹ́ aṣọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní bí iwájú rẹ̀, tó rọ̀ lọ́rùn, tí kò ní bébà líle lábẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí hard stay tí wọ́n fi ń bo iṣẹ́ tó bàjẹ́. Gum stay fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ tó rọ̀ jù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dára, ó ń ran aṣọ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi ń bo àléébù lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ̀tàn ni, owó ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti ṣe sẹ̀ǹtímítà 5 àkọ́kọ́, ẹ tú férémù, ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ lọ mu omi, kí ẹ padà wá wò ó. Bó bá tẹ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá rú díẹ̀, ẹ rin ín, ẹ fi pín-ìnnì kàn án mọ́ pákó yíká, kí àárín pín-ìnnì kan sí òmíràn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Bó bá tún padà rú, ẹ tú iṣẹ́ náà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gba ojú kọ̀ọ̀kan padà. Ẹ fi síṣọ́ọ̀sì kékeré gé e láti ẹ̀yìn, ní ojú mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ fa ìyókù yọ láti iwájú. Lórí pópílìn, ẹ rin ojú ihò tó bá kù, ẹ fi èékánná rà á lóròó àti níbùú, á padé. Lórí gíníì dídán, ihò lè má padé mọ́. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ìyá ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè ráyè wá aṣọ mìíràn kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.