Dírípù fún Bíńgò

Ẹ̀yin èèyàn mi, láàárọ̀ yìí la gbé Bíńgò, ọmọ ajá wa, lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko n'Íbàdàn. Àtàná ló ti ń bì, tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní parvo ni, àrùn ìfun burúkú kan tó máa ń ṣe ọmọ ajá.

Ó ní kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn náà. Dírípù ni wọ́n á máa fà sí i lára kómi má baà tán lára rẹ̀, títí ara rẹ̀ á fi ṣẹ́gun. Wọ́n fá irun ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kí wọ́n tó rí iṣan. Abẹ́rẹ́ wọlé, kò tilẹ̀ ké. Ó kàn gbé àgbọ̀n lé mi lọ́wọ́, imú rẹ̀ gbẹ táútáú. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹni tó tà á fún wa ló ní ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára o, àmọ́ kò fún wa ní káàdì kankan. Inú bí mi gan-an.

Owó ìtọ́jú náà ga. Ìdajì la rí san. Dókítà ní ká máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run á bùkún un.

Ta ni ajá rẹ̀ ti ní parvo rí, tó sì yè é? Báwo lẹ ṣe rówó ẹ̀ san?