Orúkọ Ni Kó O Kọ́kọ́ Ṣọ́: Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Lọ Kọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Ajàfẹ́tọ̀ọ́ LGBT

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọgbọọgba àwọn èèyàn LGBT (ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tó ń fẹ́ méjèèjì, àti ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin tàbí obìnrin lọ́nà tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà ìbí) sábà máa ń rò pé ìwọ́de àti àsíá òṣùmàrè ló ń lọ bá. Ìwọ́de ò ju ọjọ́ kan lọ. Èyí tó kù, fóònù ni, fọ́ọ̀mù ni, ìwé òfin ni. Orúkọ àwọn èèyàn ló sì wà nídìí gbogbo rẹ̀. Bí orúkọ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n lè lé e nílé, ẹ̀mí pàápàá lè lọ sí i.

Fóònù ni ká mú. Ẹni tó pè lè má tíì sọ fún òbí tàbí ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, má bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Bi í pé: "Orúkọ wo lẹ fẹ́ kí n máa pè yín?" Lẹ́yìn náà: "Ṣé ẹ lè sọ̀rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà yẹn?" Kó o tó gba nọ́ńbà rẹ̀, béèrè ẹni tó tún máa ń gbé fóònù náà àti wákàtí tó dáa láti pè padà. Bí ẹlòmíì bá gbé e, má dárúkọ ẹgbẹ́, má sì fi ohùn sílẹ̀.

Yorùbá ṣe wá lóore díẹ̀ níbí, torí "ó" kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin. Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti ń yọ̀ ni "bọ̀dá" àti "àǹtí", tó máa ń já bọ́ lẹ́nu kéèyàn tó ronú. Dúró dìgbà tí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe fẹ́ ká máa pe òun.

Nọ́ńbà ẹjọ́ ni kó o kọ sórí fọ́ọ̀mù, bíi 014, kì í ṣe orúkọ. Ìwé tó so 014 mọ́ orúkọ gidi gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀ tó ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, lọ́wọ́ èèyàn kan tàbí méjì péré. Má bínú bí o ò bá sí lára wọn. Ohun tí o ò mọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ipá gbà á lẹ́nu rẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ímeèlì. Ẹni tó ń kánjú kó àdírẹ́sì àádọ́ta èèyàn sínú ìlà To dípò BCC (ìlà tí kì í jẹ́ kí ẹnì kan rí àdírẹ́sì ẹlòmíì), ni gbogbo wọn bá rí ara wọn. Kò sí bó o ṣe fẹ́ kó o padà. Sọ fún ọ̀gá rẹ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kí ẹgbẹ́ lè kọ̀wé sí àwọn tó kàn, kí wọ́n sì sọ ohun tó tú síta fún wọn láìfi bò. Kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀, kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ara rẹ, kí ojú kejì sì wò ó kó tó lọ.

Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, torí ọjọ́ yẹn lọ́dún 1990 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ ìfẹ́ akọ sákọ àti abo sábo kúrò nínú ìwé tí wọ́n to àrùn sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọ́tò níbi ayẹyẹ ọjọ́ yẹn, fún un ní sítíkà aláwọ̀ ọ̀tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn nínú fọ́tò dáadáa pẹ̀lú: ojú nínú dígí, nọ́ńbà ọkọ̀. Pa location kámẹ́rà, má sì gbé ohunkóhun síta títí àwọn èèyàn á fi tú ká.

Ti ìwé ìléwọ́ ńkọ́? Má da èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ. Lọ́dún 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga Delhi ní Abala 377 òfin India, tí wọ́n fi ń ka ìbálòpọ̀ akọ sákọ àti abo sábo sí ọ̀ràn, kò gbọdọ̀ mú àwọn àgbàlagbà tó fohùn ṣọ̀kan mọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé e. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yìí kan náà tún dá àwọn èèyàn náà láre. Ìwé tó jẹ́ òótọ́ lọ́dún 2010 ti di irọ́ lọ́dún 2014, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ lè ti inú rẹ̀ kó sí wàhálà. Fún ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan, kọ ọjọ́ rẹ̀ àti ilé ẹjọ́ tó dá a, kó o sì wádìí bóyá wọ́n ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní Botswana, ilé ẹjọ́ wọ́gi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019, ìjọba ò gbà, ọdún 2021 ló tó fìdí múlẹ̀.

Bí o bá ń ṣọ́ àbádòfin, apá tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni kó o kọ́kọ́ kà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ ẹni tí òfin á mú. Lẹ́tà sí aṣòfin kò gbọdọ̀ kọjá ojú ìwé kan, ohun kan ṣoṣo ni kó o sì béèrè.

Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ, yọ gbogbo nọ́ńbà àti fọ́tò iṣẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ, kó o sì jáde nínú gbogbo gúrúùpù WhatsApp. Béèrè bóyá o lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ sínú CV, tàbí "ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn" ló máa dáa jù fún ààbò tìrẹ náà. Nínú ìròyìn tó o máa kọ fún ilé ìwé, má kọ ìtàn ẹnikẹ́ni tó pè, bó o tilẹ̀ ti yọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti àdúgbò nìkan ti tó fún ará ilé rẹ̀ láti mọ̀ pé òun ni.