Àga iwájú

Ní Sọ́ńdè, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókè-Fìà, mo bá bàbá kan lórí àga tí mo máa ń jókòó sí níwájú. Gírísì ṣì wà ní èékánná wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àga olùkọ́ nìyí." (Irọ́ ni o, ta ló kọ orúkọ mi sí i?) Wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n lọ sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà.

Mo ṣí Bíbélì. Lúùkù 18, Farisí àti agbowó òde. Bí mo ṣe kà á dé ibi tí agbowó òde ti dúró lókèèrè, ojú mi bọ́ sórí bẹ́ńṣì yẹn. Ọ̀rọ̀ há sí mi lọ́fun. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Wọ́n ní, "Dìde jàre, lọ kà á parí."